Alájọ ojoojúmọ́ ní ọjà Bódìjà: ṣé ó ṣì dáa fún ọlọ́jà?

Àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ló dé tí mo ṣì ń dájọ nígbà tí app ìfowópamọ́ ti kún orí fóònù. Èlùbọ́ Ṣakí àti ẹ̀wà ni mò ń tà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn níbí. Owó ń wọlé lójúmọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé gbogbo owó tó wọlé lèrè ni? Owó ọjà, owó oúnjẹ, owó iléèwé ọmọ, gbogbo ẹ̀ á jọ wà nínú àpò kan, ẹni tó bá ti bèèrè á rí gbà níbẹ̀, tó bá wá dọjọ́ tí lọ́rì ẹ̀wà dé láti òkè Ọya, owó ò ní pé mọ́, àwìn la ó máa gbà, àwìn tí wọ́n ti lé owó lé lórí!

Ohun tí alájọ ń gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ni tiwa máa ń dé kí ọjà tó tú, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò èlùbọ́, á fi bírò fagi sí ojú ọjọ́ náà nínú káàdì mi, á fa irú ẹ̀ sínú ìwé tiẹ̀, ìgbà yẹn lá tó ju owó sí báàgì. Owó yẹn ò délé rárá.

Owó iṣẹ́ ẹ̀ ni dídá ọjọ́ kan. Tẹ́ ẹ bá ń dá 2,000 náírà lójúmọ́, tí ojú 31 inú káàdì kún, 62,000 ló wà nílẹ̀, á yọ 2,000, ẹ gba 60,000. Kò sí èlé kankan o, àmọ́ owó ẹsẹ̀ alájọ ni 2,000 yẹn, kò pọ̀ jù. Ibi tó ti ń dun èèyàn ni kéèyàn dá ọjọ́ 10 péré kó dúró, torí ó ṣì máa yọ 2,000 yẹn nínú 20,000, ìdá kan nínú mẹ́wàá ti lọ nìyẹn! Iye tẹ́ ẹ lè dá lọ́jọ́ tí ọjà kú gan-an ni kẹ́ ẹ mú, ẹ má wo ọjọ́ tí ọjà yá.

Ohun tí mi ò fẹ́ nípa ẹ̀ ni pé kò sí ààbò. Tí báǹkì bá wó, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báǹkì, á san owó oníbàárà padà títí dé mílíọ̀nù 5 náírà, ti microfinance, ìyẹn àwọn báǹkì kéékèèké, jẹ́ mílíọ̀nù 2, látọdún 2024 nìyẹn. Alájọ ò ní irú ẹ̀, tó bá sá lọ, ó ti lọ nìyẹn. Torí náà owó ọjà nìkan ni mò ń dá, mo sì ń kó o tán tí káàdì bá ti kún. Owó ṣọ́ọ̀bù àti owó pàjáwìrì wà ní Safelock, ibi tí wọ́n ti ń ti owó pa lórí PiggyVest, app ìfowópamọ́ kan, kò ṣeé fọwọ́ kàn títí ọjọ́ ẹ̀ á fi pé, ìyẹn sì ń mú èlé wá.

Fún owó ọjà, mo fún alájọ ní 4 nínú 5. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ìyá tó ti pẹ́ nínú ọjà nípa ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ mú, ẹ mọ ilé ẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé ojú yín ló ti ń fagi sínú ìwé tiẹ̀.