Alùpùpù Ìgbẹ́ Tí A Háyà fún Ọjọ́ Kan Nínú Ẹrẹ̀ Salisbury Plain

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù kí ilẹ̀ tó mọ́, a sì forí lé agbègbè Wiltshire ní gúúsù England, níbi tí a ti háyà alùpùpù ìgbẹ́ mẹ́rin pẹ̀lú afinimọ̀nà kan tí yóò mú wa la ilẹ̀ gbalasa Salisbury Plain kọjá títí di ìrọ̀lẹ́. Pọ́ùn 220 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa san, owó náà sì kó alùpùpù, epo, akoto, aṣọ ẹrẹ̀, bàtà àti ìbánigbófò mọ́ra. Láti ìgbà tí àwòrán ọjọ́ náà ti dé ọwọ́ àwọn ará ilé ni wọ́n ti ń bi mí bóyá irú eré bẹ́ẹ̀ yẹ ní ohun tí ènìyàn ń náwó lé. Ó yẹ. Alùpùpù tí wọ́n kó fún wa dára, ẹni tó ṣáájú wa sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n táyà tó ti pá ni ilé-iṣẹ́ náà fi rán àwọn kan nínú wa wọ inú ẹrẹ̀, ọ̀rọ̀ táyà yìí ni mo sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbèrò àtilọ fara balẹ̀ kà.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú ilẹ̀ tó jẹ́, nítorí pé ẹrẹ̀ kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ẹfun ni ìsàlẹ̀ Salisbury Plain, òkúta funfun tó máa ń kun ènìyàn lọ́wọ́, pẹ̀lú erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí rẹ̀ àti àwọn òkúta ìbọn tí ẹnu wọn mú bí abẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ náà le koko. Bí òjò bá ti rin ín, òkè rẹ̀ á máa yọ̀ bí ọṣẹ nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ṣì le, táyà kò sì ní rí ibi tí yóò ki eyín bọ̀. Ọwọ́ àwọn ológun ni apá tó pọ̀ nínú ilẹ̀ náà tún wà. Ọdún 1897 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á fún ìdánrawò àwọn ọmọ ogun, títí di òní ni àwọn ọkọ̀ ogun ńláńlá sì ń rìn ín, tí wọ́n ń gbẹ́ poro jíjìn sójú ọ̀nà, poro tí omi òjò máa ń kún dẹ́nu tí ènìyàn kò fi ní mọ bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe rí.

Àwọn ọ̀nà tí a gbà kì í ṣe ti àwọn ológun nìkan. Ọ̀nà ayé àtijọ́ ni wọ́n, òfin ilẹ̀ náà ń pè wọ́n ní byway, ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin, oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kọ̀ ló sì ní ẹ̀tọ́ láti gbà wọ́n. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006 ti pa ẹ̀tọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ rẹ́ lórí ọ̀pọ̀ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní England àti Wales, ìdí nìyí tí mo fi ka afinimọ̀nà tó mọ ibi tí ẹ̀tọ́ náà bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí ohun tó tó owó fúnra rẹ̀. Nítorí pé òfin ka byway sí ojú ọ̀nà ọkọ̀, alùpùpù gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àti ìbánigbófò, pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò ọdọọdún bí ó bá ti pé ọdún mẹ́ta, ẹni tí ń gùn ún náà sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tó bá a mu. Ẹni tó jẹ́ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CBT nìkan ló ní kò lè gun ohun tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi ju 125 cc lọ. Ìwé àṣẹ A2, èyí tó wà fún alùpùpù alágbára àárín, ló tó fún èyí tí a gùn. Níbi tí àsíá pupa bá ti ń fẹ́ lórí Plain, wọ́n ń yin ọta gidi níbẹ̀, ènìyàn kò gbọ́dọ̀ yà síbẹ̀ rárá.

Afinimọ̀nà wa tilẹ̀ dá wa dúró lórí òkè kan láti sọ ìtàn Imber fún wa, abúlé tí ìjọba kó gbogbo ará rẹ̀ kúrò ní oṣù Kejìlá ọdún 1943 kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lè rí ibi dánra wò, tí wọn kò sì jẹ́ kí àwọn onílé padà wá gbé ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù nínú wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ṣí akoto rẹ̀ kúrò lórí, ó sì dákẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń mú àlejò kiri ló máa ń ka irú ìdúró bẹ́ẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

Honda CRF300L ni wọ́n kó fún àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó rọ́pò CRF250L ní ọdún 2021. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 286 cc, omi ló ń tù ú, jíà mẹ́fà ló ní, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 27. Ẹni tó bá ti rí àwọn alùpùpù ìdíje 450 cc lè rò pé 27 kéré. Nínú ẹrẹ̀, kò kéré rárá, nítorí pé agbára tó bá pọ̀ jù a máa mú kí táyà ẹ̀yìn yí lásán, kí ó sì máa gbẹ́ ihò tí yóò rì sí. Èyí tí a gùn máa ń fà láti ìsàlẹ̀ láìjà. Ẹni tó bá fi í sí jíà kejì, tó sì ń fún un níná díẹ̀díẹ̀, yóò rí i pé ó ń wá ọ̀nà rẹ̀ lọ láìdá ènìyàn lágara. Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ń lọ sókè-sódò tó mìlímítà 260, abẹ́ rẹ̀ sì fi mìlímítà 285 ga sílẹ̀, nítorí náà a kọjá lórí gbòǹgbò àti òkúta tí mo ti rò pé yóò gbá wa nísàlẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn eré àsápajúdé a máa fẹ́ ṣọ́ọ̀kì tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n fún ọ̀nà tí ènìyàn ń rọra gbà fún wákàtí mẹ́fà, rírọ̀ rẹ̀ ló gba ẹ̀yìn wa là.

Gíga ìjókòó rẹ̀ ló yẹ kí ẹni tí kò ga gbé yẹ̀ wò. Mìlímítà 880 ni. Ìyá Ìbejì, ẹni tó kéré jù ní ìdúró nínú wa tó sì mọ alùpùpù gùn jù wá lọ, kò lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní láti máa wá ibi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀ kí ó tó dúró. Ní ti ìwọ̀n, kílò 142 ni alùpùpù náà pẹ̀lú epo àti gbogbo omi inú rẹ̀. Lórí ìwé, kò wúwo. Ní ìgbà kẹrin tí ènìyàn bá ń gbé e dìde nínú ẹrẹ̀ tó ti mu bàtà dé kókósẹ̀, ìtumọ̀ mìíràn ni nọ́ńbà yẹn ń ní.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ táyà. Kí a tó kúrò ní ojú títì, afinimọ̀nà wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ alùpùpù kọ̀ọ̀kan, ó sì jọ̀ afẹ́fẹ́ táyà wọn sílẹ̀ láti 22 sí 15 lórí ìwọ̀n psi, ó ní kí táyà lè tẹ́jú díẹ̀ kí ó sì di ilẹ̀ mú. Ìgbà náà ni mo rí i pé eyín táyà ẹ̀yìn tèmi ti jẹ tán ní àárín, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ara rẹ̀. Ti Bọ̀ọ̀dá àti ti ọ̀rẹ́ wa kẹrin kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti Ìyá Ìbejì nìkan ni eyín rẹ̀ ṣì dúró ṣinṣin bí eyín àgbàdo. Mo pe afinimọ̀nà sí i. Ó gbà pé òtítọ́ ni, ó ní òun ti sọ fún ọ̀gá òun, ṣùgbọ́n táyà mìíràn kò sí nílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun tí a rí lẹ́yìn agogo mọ́kànlá fi hàn pé kì í ṣe ìkùnsínú lásán ni. A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan láàárín igi, níbi tí omi ti gbẹ́ ojú ọ̀nà wọlẹ̀ tí ẹfun sì ti yọ síta. Afinimọ̀nà gun un lọ. Ìyá Ìbejì tẹ̀ lé e, ó dìde dúró lórí ìtẹsẹ̀, ó fi ìdí sẹ́yìn, ó gbé ojú sókè, ó sì gòkè láìdúró. Èmi ti ẹ̀ẹ̀mẹta, mo ṣubú ẹ̀ẹ̀mejì. Bọ̀ọ̀dá rì sínú poro débi pé alùpùpù náà dá dúró fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó dì í mú. A jọ ń fà á, Ìyá Ìbejì sì ń ké láti òkè pé, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un níná mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ yọ táyà iwájú ná!” Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ Ìyá Ìbejì pé kí a pààrọ̀ alùpùpù. Mo gun tirẹ̀, mo sì gòkè ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Òun, tó mọ alùpùpù gùn jù mí lọ fíìfíì, gun tèmi, táyà ẹ̀yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán ní ìdajì ọ̀nà gan-an níbi tó ti dá mi dúró. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni, òkè kan náà ni. Táyà ìgbẹ́ tó dára fún ẹ̀yìn kì í sábà ju pọ́ùn 60 sí 80 lọ, bẹ́ẹ̀ ni owó tí àwa mẹ́rin san lọ́jọ́ kan ṣoṣo jẹ́ 880.

Kò yẹ kí n fi ẹ̀kọ́ tí afinimọ̀nà kọ́ wa lórí òkè yẹn sílẹ̀, nítorí pé ó yanjú ohun kan tí ó ti wà lọ́kàn mi láti kékeré. Òkè-Ògùn ni mo dàgbà sí, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti máa ń kó iṣu láti oko wá sí ọjà lórí Bajaj nígbà òjò, lórí ọ̀nà tí mọ́tò kò lè gbà, pẹ̀lú táyà tí kò ní eyín kankan. Mo máa ń rò pé agbára apá ni wọ́n fi ń ṣe é. Afinimọ̀nà ní kí n fi ìdí sẹ́yìn kí ìwọ̀n mi lè tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, mo sì rántí àpò iṣu tó máa ń wà lẹ́yìn àwọn ènìyàn wa: ẹrù tí mo ti kà sí ìyà wọn ló ń bá táyà wọn di ilẹ̀ mú. Ó tún kọ́ wa pé kí a má ṣe di ọwọ́ alùpùpù mú pinpin, pé táyà iwájú yóò máa jó nínú ẹrẹ̀, kí a jẹ́ kó jó, kí a sì máa wo ibi tí a ń lọ dípò ihò tí a ń bẹ̀rù. Ó fi sùúrù tún un sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ní láti fi máàkì sí i, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni màá fún un.

Bàtà tí wọ́n kó fún wa tutù láti inú kí a tó wọ̀ ọ́, ìdè ọ̀kan nínú tèmi sì ti já. Akoto àti aṣọ mọ́ tónítóní. Oúnjẹ ọ̀sán kò sí nínú àdéhùn, mọ́ínmọ́ín tí Ìyá Ìbejì gbé wá ni a sì jẹ lórí koríko pẹ̀lú tíì gbígbóná, afinimọ̀nà náà jẹ méjì.

Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo fi àwòrán táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ti bàtà sí i. Wọ́n fèsì láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n tọrọ àforíjì láìṣe àwáwí, wọ́n dá pọ́ùn 40 padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi àwòrán táyà tuntun ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Nítorí ìdáhùn yìí, mo ní kí ẹ lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè àwòrán táyà alùpùpù tí wọn yóò kó fún yín, kí ẹ sì mú bàtà tiyín dání bí ẹ bá ní. Àwa ti san àsansílẹ̀ fún Sátidé kejì nínú oṣù kẹrin, Ìyá Ìbejì sì ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé alùpùpù tí òun gùn lọ́jọ́ yẹn ni wọn yóò kó fún òun.