Abẹ́rẹ́ tí mo fi ń wọn oúnjẹ wò: oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú tẹmómítà ìdáná

₦6,500 ni ọmọkùnrin tó ń ta ọ̀bẹ àti òṣùwọ̀n ní ọjà Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta kọ́kọ́ pè é. Mo ná an títí, ó gbà ₦5,000. Tẹmómítà ìdáná ni. Orí rẹ̀ dà bí gègé tó sanra, ojú kékeré kan wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà ti ń yọ, abẹ́rẹ́ irin kan sì wà nídìí rẹ̀ tó gùn ju ìka àárín mi lọ. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan tó ṣeé kà lára rẹ̀. Páálí tí wọ́n fi wé e ti ya kí n tó rà á.

Alásè ni mí. Ìjàyè ni mò ń gbé, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń dáná, mo sì ti ń se oúnjẹ ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àti ọjọ́ìbí fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Tẹ́ ẹ bá bi mí lọ́dún tó kọjá pé báwo ni mo ṣe ń mọ̀ pé ẹran jinná, màá ní ojú mi ni, imú mi ni, ìka mi ni. Mo fi wọ́n yangàn dáadáa.

Ohun tó gbé mi dé Kútọ̀ kò dùn ún sọ. Mo se ìrẹsì fún ìsọmọlórúkọ kan ní Ìbarà. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo sọ ìkòkò kalẹ̀, mo kó ìrẹsì náà sínú kúlà ńlá, mo dé e pa, mo lọ sùn. Aago kan ọ̀sán ọjọ́ kejì la bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú. Kò rùn, kò yọ̀, kò ya omi. Èmi náà tọ́ ọ wò, ó dùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá ọmọ tuntun pè mí. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o, èèyàn mẹ́rin ló ń bì níbí, ìrẹsì yẹn ni gbogbo wọn jẹ." Mo dá ìdajì owó wọn padà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣe nọ́ọ̀sì. Òun ló jókòó tì mí, tó bi mí ní aago tí mo sè é àti aago tí wọ́n jẹ ẹ́. Ó ní kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus, inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì máa ń bá ìrẹsì tútù wọlé. Omi híhó ń pa òun fúnra rẹ̀, àmọ́ ó ní irúgbìn kan tó le bí ẹ̀kùrọ́, omi híhó kì í pa ìyẹn. Bí ìrẹsì bá wá ń tutù díẹ̀díẹ̀ nínú kúlà, irúgbìn yẹn á hù, á pọ̀ sí i, á sì máa pọ oró sínú oúnjẹ. "Àǹtí, tẹ́ ẹ bá sì gbé e padà sórí iná, oró yẹn ò ní lọ." Ibi tọ́rọ̀ ti ká mi lára nìyẹn, torí pé "gbé e gbóná" ni oògùn tí mo ní fún gbogbo nǹkan. Ó ní láti 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n ooru Celsius ni ibi tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ti ń rọ́wọ́ mú, oúnjẹ wa kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ó fi ìwé aláwòrán kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2001: oúnjẹ tó ti jinná kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ, bí a bá sì ń sè é, kí àárín rẹ̀ dé 70.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ 70? Ìka mi kì í ka nọ́ńbà.

Ọjọ́ tí mo gbé e délé, mo gbé omi kaná, ó hó, mo ti abẹ́rẹ́ náà bọ̀ ọ́. Ó kọ 212. Mo ní, "Wọ́n ti gbà mí." Mo ti wọ bàtà, mò ń padà sí Kútọ̀ lọ bá ọmọkùnrin yẹn jà, kí ọmọ iṣẹ́ mi tó gbà á lọ́wọ́ mi, tó tẹ bọ́tìnnì bíńtín kan lẹ́yìn rẹ̀. "Màámi, Fahrenheit ló wà." Òṣùwọ̀n ooru mìíràn nìyẹn, 212 rẹ̀ ni 100 ti Celsius. Ó di 100. A fọ́ yìnyín kún ife, a bu omi díẹ̀ sí i, a rò ó pọ̀. Òdo ló yẹ kó kọ, ó kọ 1. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá fi omi híhó àti yìnyín dán tirẹ̀ wò kò tíì mọ ohun tó rà.

Tòlótòló ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Itan kan wà nínú epo, ara rẹ̀ ti pọ́n, ó ń ta sàì, òórùn rẹ̀ ti dé títì. Lójú tèmi, ó ti tó ó yọ. Mo gbé e sórí àwo, mo ti abẹ́rẹ́ bọ ibi tó nípọn jù, mi ò jẹ́ kó kan eegun torí pé eegun máa ń ṣi nọ́ńbà lọ́nà. Ó kọ 41. Ó kọ 52. Ó kọ 57. Ó dúró sí 58. Ìwé yẹn ní 70, àmọ́ 74 ni mo ń retí lára ẹran adìẹ àti tòlótòló. Mo la itan náà, omi pupa sun jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun sórí àwo. Mo mọ ohun tó fà á. Ẹran dídì ni mo kó sínú ìkòkò láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì le bí òkúta. Bíbọ̀ tí mo bọ̀ ọ́ kò dénú, dídín náà kò sì débẹ̀. Ní báyìí, ìsàlẹ̀ fìríìjì ni mo ń gbé ẹran sí kó yọ́ fún odidi ọjọ́ kan, nínú ọpọ́n tó jìn kí omi rẹ̀ má baà kán sórí nǹkan mìíràn. Orí tábìlì ni mo máa ń fi í sí mọ́jú tẹ́lẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ń ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni mo wá bi kúlà léèrè ọ̀rọ̀. Mo se ìrẹsì tí mi ò fẹ́ tà fún ẹnikẹ́ni, mo kó o sínú kúlà kan náà ní aago mẹ́wàá alẹ́, mo wá ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tí ibà ń ṣe. 94 ló kọ nígbà tí mo dé e. Aago mẹ́fà àárọ̀, 66. Aago mẹ́wàá, 57. Aago kan ọ̀sán, 51. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ní 51 yẹn, ó gbóná! Bí mo bá bù ú fún yín, ẹ ó fẹ́ ẹ kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́. Ọwọ́ mi ń sọ fún mi pé oúnjẹ gbígbóná ni, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tó ti rá bọ́ sí abẹ́ 60. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà yẹn fún ìgbà díẹ̀, mo ń ka iye òde tí mo ti fi irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ gbọ̀wọ̀ lọ́dún mẹ́rìndínlógún.

Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń gbé ìrẹsì kaná báyìí. Oorun mi dínkù, owó ọmọ iṣẹ́ sì lé sí i.

Fìríìjì mi ńkọ́? Ó yẹ kó wà ní 5 tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Mo gbé ife omi kan sínú rẹ̀ mọ́jú, mo wọn omi náà láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn: 13. Iná ti lọ láti òru. Ata lílọ̀ àti ẹran bíbọ̀ ló wà níbẹ̀. Mi ò ní tàn yín, mi ò tíì rí ojútùú ọ̀rọ̀ iná yìí. Yìnyín ni mò ń rà báyìí ní ọjọ́ tí iná bá lọ pẹ́, tí mi ò bá sì ní òde, mi ò kì í kó ẹran pa mọ́.

Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣì ń dáná ní Ìtòkú. Mo lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ níbi òkú kan, mo fa abẹ́rẹ́ yọ. "Ìyá mi, ẹ jẹ́ n wọn ẹran yìí wò." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ, kí ló ṣe ẹran náà? Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?" Gbogbo àwọn tó ń bó àlùbọ́sà bú sẹ́rìn-ín. Mo sáà wọn mọ́ínmọ́ín wọn, torí pé inú ewé kò ṣeé fojú rí. Wọ́n ti ní ó jinná. Ó kọ 91. Mo wọn ẹran, 88. Mo wọn ti ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Mo ti sọ fún ọ," ni wọ́n wí, wọ́n sì yíjú sí ìkòkò mìíràn. Ká sọ òótọ́, wọn kì í fi ìrẹsì sùn, ìdájí ni wọ́n ti máa ń dáná láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo fi ìwà ọ̀lẹ bà á jẹ́ nígbà tí mo dá dúró.

Àbùkù rẹ̀ kò kéré. Àkọ́kọ́ tí mo rà kú láàárín oṣù méjì, torí pé ọmọ iṣẹ́ mi jù ú sínú báfù pẹ̀lú àwọn ṣíbí, omi ọṣẹ wọ orí rẹ̀. Ìkejì ni mò ń lò yìí. Kò ní iná lójú, nítorí náà tí èéfín igi bá ti bo gbogbo ibi, mi ò rí nọ́ńbà kankan àfi kí ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó máa ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì kú gan-an nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á. Bátìrì rẹ̀ rí bí bọ́tìnnì ẹ̀wù, kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń tà á. Ó sì lọ́ra: nígbà tí nọ́ńbà bá fi dúró, ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó yín lọ́wọ́.

Ewu tiẹ̀ wà nínú abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀. Mo rí i tí ọmọ iṣẹ́ mi gún adìẹ tútù, ó nu abẹ́rẹ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó sì nà án sí mọ́ínmọ́ín. Mo pariwo débi pé aládùúgbò wá yọjú. Ife omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ àti aṣọ mímọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná báyìí, ẹni tó bá gún ẹran tútù á fọ abẹ́rẹ́ kó tó gún nǹkan mìíràn. Pátákó ìgéran náà ti di méjì: ti ẹran tútù yàtọ̀, ti kúkúḿbà àti kábéèjì yàtọ̀.

Kò sì mọ gbogbo nǹkan o. Kò mọ láfún tí wọ́n sá sórí àpáta tí ewúrẹ́ ń gba orí rẹ̀ kọjá. Kò mọ ẹ̀wà tí wọ́n da oògùn kòkòrò sí. Imú àti ojú mi ṣì níṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹni tó ń se oúnjẹ díẹ̀ fún ìdílé rẹ̀, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ tán lórí ìjókòó, lè fi owó rẹ̀ ra ẹja. Alásè bíi tèmi, oníbùkà, ẹni tó ń ta ìrẹsì nínú kúlà níwájú ilé ìwé, ẹ rà á. Ẹ wá èyí tí omi kò lè wọ̀ lórí, bó tiẹ̀ wọ́n jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì gbé e kúrò ní Kútọ̀ láì dán an wò. Nígbà tí mò ń ra ìkejì, obìnrin kan ń ta àgbàdo bíbọ̀ nítòsí ibẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ n tì í bọ ìkòkò rẹ̀. Ó ní àfi kí n kọ́kọ́ ra àgbàdo mẹ́ta. Mo rà á. Ó kọ 99.