French press, moka, V60 àbí AeroPress: èwo nínú àwọn ohun èlò ìṣe kọfí yìí ló yẹ akẹ́kọ̀ọ́ tí àlejò kì í wọ́n nílé rẹ̀?

Kí ẹ tó wo owó, kí ẹ tó wo ẹwà, ẹ ka iye èèyàn tó máa ń jókòó mu kọfí lọ́dọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rà á tì. Wọ́n á ra èyí tó ń ṣe ife kan, àwọn mẹ́ta yòókù á wá jókòó máa wo ẹnu ẹni tí tirẹ̀ kọ́kọ́ jáde.

Mẹ́rin ni mo fẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ̀rọ oníná tó ń lo kọfí inú agolo wínníwínní, mo fò ó ní tèmi: ife kan lẹ́ẹ̀kan ló ń ṣe, owó orí ife kọ̀ọ̀kan sì ga ju ti kọfí tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀.

French press àti moka

French press lèmi máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ife gíga onígíláàsì tàbí onírin ni, asẹ́ irin wà lẹ́nu ọ̀pá tí a fi ń tẹ èérí kọfí lọ sísàlẹ̀. Kọfí gíráàmù 60 sí omi lítà 1, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 4, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó parí. Èèyàn lè máa ṣe é kó máa bá àlejò sọ̀rọ̀ lọ. Èyí tó gba lítà 1 á tó èèyàn mẹ́rin tó ń lo ife ńlá. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n kọ sára páálí o: ife 8 ni wọ́n sábà máa ń pe èyí tó gba lítà 1, torí ife wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń kà. Ẹni tó ra ti ife 3 torí pé àwọn mẹ́ta ni wọ́n ń gbé pọ̀, nǹkan bíi mílílítà 350 péré ló rà yẹn.

Àléébù rẹ̀ kò fara sin. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ máa ń kù sí ìdí ife, kí àlejò má mu ún kanlẹ̀. Asẹ́ irin kì í dá òróró kọfí dúró, inú òróró yẹn sì ni cafestol wà, èròjà tó ń mú kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ gòkè bí èèyàn bá ń mu ún púpọ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún lórí ìyẹn, kó máa lọ sọ́dọ̀ èyí tó ń lo bébà. Bí ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú ife tàbí fúláàsì; èyí tó bá dúró lórí èérí á máa korò sí i ni. Fífọ̀ rẹ̀ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń gbé pọ̀: èérí tútù yẹn ń dí ojú síǹkì, inú pàǹtírí ni kí ẹ gbọ̀n ọ́n sí. Gíláàsì rẹ̀ kì í pẹ́ fọ́ níbi tí ọwọ́ ti pọ̀. Bí agbára bá gbé e, onírin ni kí ẹ rà.

Moka, tí Alfonso Bialetti gbé jáde ní Ítálì ní 1933, ń lọ sórí iná tààrà. Omi wà nísàlẹ̀, kọfí wà láàárín. Bí omi bá ti ń gbóná, ooru á tì í gba inú kọfí gòkè, ẹ ó sì gbọ́ ọ tó ń kùn nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e kúrò lórí iná. Kọfí rẹ̀ dúdú, ó nípọn, wàrà àti ṣúgà ò lè bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní espresso, ìyẹn kọfí líle tí ẹ̀rọ ń fi agbára ti omi gbà kọjá; wọ́n ń pọ́n ọn lé ni. Nǹkan bíi bar 9 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára ìtì náà) ni ẹ̀rọ espresso fi ń ti omi, moka kì í ju bar 1 sí 2 lọ.

Níbi ká pín in ni French press ti fi í sílẹ̀ jìnnà. Moka ti ife 6 kò ju nǹkan bíi mílílítà 300 lọ. Ẹ lè fi omi gbígbóná tàbí wàrà là á kó tó èèyàn mẹ́ta, àwọn kan tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ jù. Àmọ́ ẹ má ra ńlá kí ẹ wá máa fi ṣe kékeré: ibi tí kọfí ń wọ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á kàn sáré gbà á kọjá. Ẹ wo sítóòfù yín náà kí ẹ tó sanwó. Moka alumíníọ̀mù kì í gbóná lórí sítóòfù induction, èyí tó ń fi agbára òòfà mú ìkòkò gbóná. Àfi onírin tí wọ́n dìídì ṣe fún un.

V60 àti AeroPress

Bébà ló ń sẹ́ kọfí nínú àwọn méjèèjì yìí, ìdí nìyẹn tí tiwọn fi mọ́ lẹ́nu ju ti àwọn ìṣáájú lọ. Ọ̀nà bébà ti pẹ́: Melitta Bentz, ìyá ilé kan ní Dresden, Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1908. Bébà tí ọmọ rẹ̀ fi ń fa yíǹkì nínú ìwé ilé ìwé ló kọ́kọ́ fi sẹ́ ẹ.

V60 tí Hario ń ṣe ní Jàpáánì jẹ́ àrọ tó ní ihò ńlá kan nísàlẹ̀. Oníke rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, ooru kì í sì tètè sá kúrò lára rẹ̀. Ohun tó wọ́n níbẹ̀ ni àsìkò yín. Ẹ ó kọ́kọ́ da omi díẹ̀ lé e, kọfí á wú, á máa hó fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ẹ ó dúró bí ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ ó wá máa da ìyókù yí po díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 3. Kẹ́tù ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ ló rọrùn fún un jù. Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹni tó ń da omi ò lè dá sí ọ̀rọ̀ tí àwọn yòókù ń sọ. Adùn rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, síbẹ̀ mi ò ní fi ṣe àlejò mẹ́rin.

AeroPress jáde ní 2005 láti ọwọ́ Alan Adler ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan náà tó ṣe Aerobie, òrùka tí àwọn èèyàn máa ń jù tó ń fò jìnnà réré. Ọ̀pá ike méjì tó ń wọnú ara wọn ni, ọwọ́ la fi ń ti kọfí gba inú bébà jáde; kì í fọ́, ó ń wọ báàgì. Fífọ̀ rẹ̀ kò sí nǹkan: ẹ tì í tán, èérí á jáde lódidi sínú pàǹtírí. Ife kan lẹ́ẹ̀kan ni, èèyàn mẹ́rin túmọ̀ sí ìgbà mẹ́rin. Ẹni tó ń dá gbé tí ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo máa ń yà sí ni mo máa ní kó rà á.

Ti bébà wà níbẹ̀ o. Kò wọ́n, àmọ́ kì í tán nínú ìnáwó.

Ibi tó yẹ kí owó pọ̀ sí

Kò sí èyí tó lè gba kọfí tí a lọ̀ ní ìlọ̀kulọ̀ là nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀rọ ìlọkọfí tó ní abẹ tó ń yí fìrìfìrì, gígé ló ń gé e: apá kan á di ìyẹ̀fun, apá kan á wà ní ègé. Ìyẹ̀fun á korò, ègé á ní omi kíkan, inú ife kan náà ni ẹ ó ti bá àwọn méjèèjì. Èyí tí wọ́n kọ burr sí lára ni kí ẹ wá, ó ní eyín irin méjì tó ń lọ̀ ọ́ dọ́gba. Tó bá jẹ́ pé owó ò ká méjèèjì, ẹ ra French press tí kò wọ́n, kí ẹ fi ìyókù ra burr ọlọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ burr ọlọ́wọ́ kì í gbà ju gíráàmù 20 sí 30 lọ, lítà 1 sì ń fẹ́ 60, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ó lọ̀ ọ́. Ẹni tó bá dé kẹ́yìn ni kí ẹ gbé e fún. Fún òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù, ẹ rà á. Ṣíbí máa ń parọ́.

Bó bá jẹ́ àlòkù

Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Fún French press, ẹ yọ asẹ́ rẹ̀ wò: bí etí rẹ̀ bá ti ká, èérí á máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Fún moka, rọ́bà inú rẹ̀ lè ti gan, ìyẹn ò le, wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Fáàfù kékeré tó wà lára ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́, torí òun ló ń jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà jáde bí òkè bá dí. Ọ̀pọ̀ ló ní abẹ́rẹ́ kan láàárín tó yẹ kó máa mira bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Bí kò bá mira rárá, kódà bí wọ́n ní kí ẹ máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.