Okùn ọrùn-ọwọ́ tí mo rà ní Lágéré: ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì

Ọjọ́ Sátidé kan ló mú mi kọ èyí. Ọyẹ́ mú débi pé ètè mi là. Ọmọ OAU kan gbé laptop wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mayfair pé kí n fi RAM, pátákó kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan, kún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ra RAM náà wá, ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀ tó ń dán bíi fàdákà. Èmi náà ti múra sílẹ̀: okùn tuntun tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí iná tó ń kó sára èèyàn ba nǹkan jẹ́ ti wà lọ́rùn ọwọ́ òsì mi. Mo dìde lórí àga rọ́bà, mo nawọ́ mú RAM, mo sì gbọ́ ọ: ta! Kò le ju ìgbà tí iyọ̀ bá bọ́ sínú iná lọ. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti ki RAM ọ̀hún bọ laptop, píì, píì, píì ni yóò máa ké. Mo gbé e sínú laptop mìíràn, píì náà ni. RAM ti kú.

Ọmọ náà wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi. "Bọ̀ọ̀dá, ṣebí nítorí èyí lẹ ṣe so nǹkan yẹn mọ́wọ́?" Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu kí n wọlé. Mo san owó RAM.

Okùn yẹn kò ní wáyà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: kò ní wáyà! Ọmọbìnrin tó tà á fún mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lágéré sọ pé ìgbàlódé nìyí, pé ó máa ń fẹ́ iná náà dànù sínú afẹ́fẹ́. 4,000 náírà. Ó yẹ kí n ti mọ̀, nítorí iná tó bá kó sára èèyàn gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà dé ilẹ̀. Okùn tí kò so mọ́ ibì kankan, ẹ̀gbà ọwọ́ lásán ni. Ohun tó sì ń tan àwa oníṣẹ́ jẹ ni pé ara wa kì í mọ iná yìí lára títí yóò fi tó nǹkan bíi 3,000 fóltì, bẹ́ẹ̀ àwọn chip mìíràn, ẹ̀yà kéékèèké bíi ti inú RAM, wà tí iná tí kò tó 100 fóltì ti tó láti bà jẹ́. Èyí tí mo gbọ́ tó ta yẹn ti kọjá àfaradà RAM tipẹ́tipẹ́.

Ní Mọ́ńdè mo padà lọ. Ọmọbìnrin náà kò yọ ohun tó fi bo etí. Ó nawọ́ sí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Mo ṣàlàyé. Ó ní bóyá RAM ti bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ mi. Ó dá oníbàárà mẹ́ta lóhùn lórí mi, ó ka ṣéńjì fún wọn, ó tún bú gálà jẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni mo fi dúró, mò ń wo aago. Ìgbà tó ní "ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n lò" ni mo pariwo. Èmi, tí mi ò kì í pariwo.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń yẹ fíúsì wò, mo rò pé oníbàárà ni. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ó gba okùn náà lọ́wọ́ mi, ó yí i padà, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, eléyìí? Ọ̀ṣọ́ lásán ni." Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó mú èyí tó ní wáyà lílọ́ bọ̀, ó fa mítà yọ. Ó fi ẹnu mítà kan sára irin inú okùn, ó fi èkejì sára klíìpù tó wà ní ìdí wáyà. Mítà kò ka nǹkan kan, ìyẹn ni pé iná ò lè gbà á kọjá. Kò bá mi sọ̀rọ̀, ó ju okùn tuntun yẹn sínú garawa ìdọ̀tí, ó mú òmíràn. Èyí ka megohm 1, ìyẹn mílíọ̀nù kan ohm, tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Ó ní ohun tí òun ń wá nìyẹn: rẹ̀sísítọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí n kú bí ọwọ́ mi bá ṣèèṣì kan iná 240 fóltì, torí ohun tí yóò gba ara mi kọjá kò ní ju 0.24 mílíáńpù lọ. Síbẹ̀ ó ní kí n máa bọ́ ọ bí mo bá ń tú inverter tàbí tẹlifísàn tí iná ṣì wà nínú rẹ̀.

Inú mi ti ń rọ̀ nígbà tó bi mí pé níbo ni n ó fi klíìpù rẹ̀ há. Mo ní ara earth sọ́kẹ́ẹ̀tì, ihò kẹta tó yẹ kó gbé iná lọ sílẹ̀. "O ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá gun ọ̀kadà wá sí Mayfair tòun ti ọ̀pá kọ́pà. A tú sọ́kẹ́ẹ̀tì: kò sí wáyà kankan lẹ́yìn ihò kẹta. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń lo ṣọ́ọ̀bù yẹn! Kí iná lè rí ọ̀nà dé ilẹ̀, a gbá ọ̀pá náà wọlẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí omi ìfọwọ́ ń ṣàn sí, ó ní kí n máa da omi sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn torí ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná dáadáa. Owó ọ̀pá nìkan ló gbà.

Mo ra ẹní rọ́bà aláwọ̀ búlúù ti orí tábìlì náà, tí òun náà ń kó iná yìí lọ sílẹ̀. Ó dára. Ó ń rùn fún ọ̀sẹ̀ kan, igun rẹ̀ kan sì ń ká sókè.

Nílé, kápẹ́ẹ̀tì náílọ̀n ni ọ̀tá wa. Bí mo bá ti gba orí rẹ̀ kọjá tí mo fọwọ́ kan irin ìlẹ̀kùn, iná á gbé mi, ọmọ wa obìnrin sì ti ń sá fún ọwọ́ mi. Bàbá ló kọ́ mi pé kí n máa fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ kan irin ná: iná á ta sí kọ́kọ́rọ́, ara ò ní mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi náà ń sá aṣọ tútù sí pálọ̀ lálẹ́, torí iná yìí kì í pẹ́ lára níbi tí ọ̀rinrin bá wà.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì ba RAM kankan jẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá kò dá 4,000 mi padà, kò sì dárúkọ owó RAM rárá. Ọmọbìnrin yẹn kò tíì sọ "ẹ má bínú" di bí mo ṣe ń kọ èyí, okùn aláìní-wáyà sì ṣì wà lórí pẹpẹ wọn, mo rí i lánàá.

Máàkì: 2 nínú 5. Ohun tó gbé mi débẹ̀ lánàá ni pé mo lọ ra okùn oní-wáyà méjì sí i fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi.