QField lórí fóònù, QGIS lórí láptọ́ọ̀pù: ohun tí mo rí nínú wọn nídìí iṣẹ́ máàpù l'Ógbómọ̀ṣọ́

Àwọn kan ń bi mí pé áàpù wo ni mo fi ń ṣe àwọn máàpù tí wọ́n ń rí lórí sítátọ́ọ̀sì mi, pé ṣé dandan ni kéèyàn ra ẹ̀rọ GPS olówó ńlá kó tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ẹ má tíì ra nǹkan kan o. QField ni mo ń lò tí mo bá jáde, QGIS ni mo ń lò nílé, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n dẹ̀ tó ẹni tó fẹ́ jẹun nídìí máàpù nílùú yìí. Ibi tí agbára wọn mọ náà wà, màá sọ ọ́, torí ibẹ̀ gan-an làwọn ọmọ wa ti ń ki ọwọ́ bọ ohun tí kò kàn wọ́n.

QGIS ti pẹ́ nílẹ̀. Ọdún 2002 ni Gary Sherman bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Quantum GIS ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, báyìí àwọn tó ń tún un ṣe wà káàkiri ayé, kò sẹ́ni tó máa ní kó o wá sanwó láísẹ́ǹsì lọ́dọọdún. QField, iléeṣẹ́ kan ní Switzerland tó ń jẹ́ OPENGIS.ch ló gbé e jáde. Bí méjèèjì ṣe mọwọ́ ara wọn ló wù mí jù: o máa to iṣẹ́ ẹ sórí láptọ́ọ̀pù, o máa ṣe fọ́ọ̀mù sí i, o máa fi wáyà gbé e sórí fóònù, o bọ́ sóde, tó o bá dé o gbé ohun tó o kó padà. Kò sí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà àbí kò sí. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ dé àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé á mọ ìdí tí mo fi ń pariwo èyí, torí níbẹ̀ o lè gun orí àpáta kó o tó rí báà kan. Àmọ́ ó ní láti jẹ́ pé o ti gbé àwòrán sátẹ́láìtì agbègbè yẹn sórí fóònù kó o tó kúrò nílé o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú funfun báláú lo máa máa wò, tí àmì búlúù kékeré kan á dúró láàárín ẹ̀.

Ní ti fọ́ọ̀mù yẹn, kò sí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lójú tèmi. Wọ́n gbé iṣẹ́ bọ̀hóòlù kan fún wa, pé ká lọ kọ gbogbo bọ̀hóòlù tó wà ládùúgbò kan sílẹ̀, èyí tó ń mú omi wá àtèyí tó ti kú. Tó o bá ní káwọn ọmọ tó ń bá ẹ ṣiṣẹ́ máa fọwọ́ tẹ ìdáhùn fúnra wọn, ẹnì kan á tẹ "o n sise", ẹlòmíì á tẹ "working", òmíì á tẹ "wrking", ẹnì kan ṣì wà tó máa fi àlàfo sẹ́yìn ọ̀rọ̀, ojú ẹ ò ní rí i àmọ́ kọ̀ǹpútà á rí i, tó o bá wá fẹ́ ṣírò ẹ̀ nílé, nǹkan kan ṣoṣo ti di oríṣi mẹ́rin sí ẹ lọ́rùn. Pẹ̀lú QGIS, o máa ti to ìdáhùn sílẹ̀ ṣáájú, kó má ku nǹkan kan lórí fóònù ju kí wọ́n mú ọ̀kan lọ: ó ń ṣiṣẹ́, ó ti bàjẹ́, wọ́n tì í pa. Fọ́tò tó o bá yà náà á lẹ̀ mọ́ ojúkò yẹn gan-an, o ò ní máa wá kiri nínú gálárì pé bọ̀hóòlù wo lèyí.

Ìgbà tá a dé apá Aróje, ìyá kan rí wa tá a ń ya fọ́tò, wọ́n já síta pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ̀ ń kọ? Ṣé ẹ fẹ́ wá fi ọ̀dà pupa kọ X sílé wa ni?" Mo ní ẹ má bínú màámi, a ò bá ti ilé wá o, omi la wá kọ. Wọn ò gbà. Mo bá yí ojú fóònù sí wọn, mo ní ẹ wò ó mà, ibi tá a dúró sí rèé, àwa ni búlúù kékeré yìí. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n wá ní "Háà, páànù mi rèé! Èyí tó dógùn-ún yẹn! Mo ti pààrọ̀ ẹ̀ o, ẹ bá mi sọ fún wọn." Ẹ̀rín pa gbogbo wa. (Òótọ́ ni wọ́n mà sọ, àwòrán sátẹ́láìtì tá à ń lò yẹn ti pẹ́, kéèyàn má kàn fi ṣe ẹ̀rí pé ilé kan ò sí.) Àwọn náà ló padà mú wa lọ sẹ́yìn mọ́sáláṣí, bọ̀hóòlù kan wà níbẹ̀ tí igbó ti bò mọ́lẹ̀, kò sí nínú ìwé táwọn tó gbéṣẹ́ fún wa kó wá.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ síbi tó le. GPS inú fóònù, tí ojú ọ̀run bá ṣí sílẹ̀ dáadáa, ó máa ń yẹ̀ bíi mítà mẹ́ta sí márùn-ún. Tó o bá wọ abẹ́ igi máńgòrò, máńgòrò dẹ̀ kún Ògbómọ̀ṣọ́ fọ́fọ́, tàbí o lẹ̀ mọ́ ògiri ilé alájà, ó máa ń yẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. QField ò fi èyí pamọ́, ó máa kọ ìwọ̀n tó fi lè ṣì sójú fóònù, o tún lè ní kó dúró kó ka ojúkò kan lọ́pọ̀ ìgbà kó mú àárín ẹ̀. Fún bọ̀hóòlù, fún ilé ìwé, fún transformer, fún oko kajú, ó ti tó, ó tún ṣẹ́ kù. Àmọ́ ààlà ilẹ̀ ńkọ́? Pulọ́ọ̀tì kan níbí, 50 by 100 ẹsẹ̀ bàtà ni, ìyẹn bíi mítà 15 sí 30. Tó o bá ṣì í pẹ̀lú mítà márùn-ún, ìdá mẹ́ta ìbú ilẹ̀ yẹn lo ti gbé fún ará ẹ̀gbẹ́ ilé! Àwọn èèyàn dẹ̀ máa ń wá o, wọ́n á ní "brother, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa fi fóònù yín wọn ilẹ̀ yìí, owó tí surveyor ń pè ti pọ̀ jù." Mi ò jẹ́ gbà. Iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn surveyor ní Nàìjíríà, nìyẹn, òun ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ri pílà tó ní nọ́ńbà mọ́lẹ̀, òun ló lè fọwọ́ sí plan. Ẹjọ́ ilẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀, ọmọ onílẹ̀ ò dẹ̀ ní bi ẹ́ pé áàpù wo lo lò kí wọ́n tó yọ àdá.

Ohun míì tó ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ ni Minna. Plan àtijọ́ tó bá wà lọ́wọ́ bàbá yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Minna ni wọ́n fi ka nọ́ńbà orí ẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tí Nàìjíríà fi ń wọnlẹ̀ kí GPS tó dé, WGS84 sì ni fóònù ń lò ní tiẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì fara jọra bí ìbejì. Nínú QGIS, kóòdù 26331 lo máa mú fún Minna tó bá apá ọ̀dọ̀ wa mu, 32631 fún WGS84, tó o bá mú ọ̀kan síbi tó yẹ kó o mú èkejì, ilẹ̀ náà máa sún ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ. Ọgọ́rùn-ún mítà l'Ógbómọ̀ṣọ́ ti gba orí pulọ́ọ̀tì mélòó kan kọjá. Ọ̀gbẹ́ni kan gbé tiẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú ìbínú, pé àwọn ọmọ kan bá òun gbé plan òun sórí Google Earth, wọ́n ní inú ọgbà ilé ìwé ni ilẹ̀ òun wà, pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Kò sẹ́ni tó lù wọ́n, a yí òṣùwọ̀n yẹn padà, ilẹ̀ wọn lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ látọjọ́ yìí. QGIS ò ní bi ẹ́ bóyá ó dá ẹ lójú o, ohun tó o bá sọ fún un ló máa gbà.

Ó jọ ti àwọn tó ń fi latitude síbi longitude. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní nǹkan bíi 8.13 àríwá àti 4.25 ìlà oòrùn. Gbé wọn dà sódì, bọ̀hóòlù ẹ ti bọ́ sínú òkun lẹ́bàá Akwa Ibom. Èyí ò tiẹ̀ burú, torí ojú máa rí i. Minna yẹn ni kì í jẹ́ kí ojú rí i.

Ní ti QGIS fúnra ẹ̀, ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù 4GB á jìyà díẹ̀, pàápàá tó bá kó àwòrán sátẹ́láìtì ńlá lé e lórí, 8GB ló ń fi ọkàn ẹni balẹ̀. Ohun tó o bá yà, kò tíì wọlé tó ò bá tẹ save sí layer yẹn (ìpele máàpù tó o ń yà sí) fúnra ẹ̀, èyí tó o tẹ̀ fún project lókè yẹn ò kàn án, ẹni tí NEPA bá mú iná ẹ̀ lọ láàárín kó má bínú sí wọn. Àti shapefile, irú fáìlì máàpù àtijọ́ tó pín sí fáìlì kéékèèké, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí. Ẹnì kan á fi .shp nìkan ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp, á gbàgbé .dbf, .shx àti .prj, ó gbé ìdérí wá láìgbé ìkòkò. Orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù ẹ̀ ò dẹ̀ gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà mẹ́wàá lọ, torí náà "orukoadugbo" á gé sí "orukoadugb", ẹni tó gbà á á máa wò ó. Geopackage ni kẹ́ ẹ máa lò, fáìlì kan ṣoṣo ni, gbogbo nǹkan wà nínú ẹ̀.

Wọ́n á bi mí pé ArcGIS, ètò máàpù tí wọ́n ń sanwó fún, ńkọ́. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ìkéde iṣẹ́ ló ń kọ ArcGIS síwájú, àwọn NGO àti ọ́fíìsì ńlá ń lò ó, ó dẹ̀ dáa. Àmọ́ láísẹ́ǹsì ẹ̀ kì í ṣe owó ọmọdé. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe lórí QGIS, ìwọ̀nba ọjọ́ ló máa fi mọ ibi tí wọ́n fi bọ́tìnnì sí lórí ìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni ibì kan báyìí, mi ò dárúkọ, tí wọ́n ń gbowó gọbọi lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Under-G, wọ́n á kọ́ wọn ní "tẹ ibí, tẹ ibẹ̀yẹn" láàárín weekend, wọ́n á fún wọn ní sátífíkéètì aláwọ̀ wúrà, ọmọ náà ò dẹ̀ ní mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín Minna àti WGS84. Ọmọ tó bá fẹ́ ojúlówó ìwé, Survey School wà l'Ọ̀yọ́ níbí, ìpìlẹ̀ ẹ̀ ti wà láti 1908, kó lọ kọ́ ọ láti ND, ọ̀nà àtidi surveyor gan-an nìyẹn. Ẹni tí kò lè lọ báyìí, tó kàn fẹ́ jẹ́ technician, ohun tó máa gbà á síṣẹ́ ni máàpù tó ti yà fúnra ẹ̀ tó lè fi han èèyàn.

Dátà tó máa fi kọ́ ọ dẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́. Sentinel-2, sátẹ́láìtì kan, ń ya gbogbo ilẹ̀ yìí ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ojú kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán ẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó ń gbowó ẹ̀. OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi nǹkan kún, wà láti 2004, lọ wo àdúgbò ẹ níbẹ̀, màá bá ẹ ta tẹ́tẹ́ pé òpópónà ilé yín ò lórúkọ, fi orúkọ sí i, kọ́kọ́ ṣe ti àdúgbò ẹ kó mọ́ kedere, ìyẹn á ti di nǹkan tó o lè fi han ọ̀gá tó fẹ́ gbà ẹ́. Iṣẹ́ tó ń bọ̀ níwájú báyìí, mo ń wo ti kòkó. Àwọn ará Yúróòpù ṣòfin kan ní 2023 pé kòkó tó bá máa wọ ọjà wọn gbọ́dọ̀ ní ojúkò oko tó ti wá, oko tó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, àfi kí wọ́n yà á yíká, kì í ṣe kí wọ́n kan ojúkò kan sí i. Wọ́n ń sún ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú, àmọ́ àwọn tó ń ra kòkó ò dúró, wọ́n ń wá àwọn tó máa fẹsẹ̀ rìn yí oko ká. Ọ̀dọ̀ wa níbí kajú ló pọ̀, ẹni tó bá ti fi oko kajú kọ́ ọwọ́, oko kòkó ò ní ṣòro fún un, QField kan náà ni, bọ́tìnnì kan náà.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí n fún un ní ìràwọ̀, mẹ́rin àbọ̀ nínú márùn-ún. Ààbọ̀ tó kù, mo yọ ọ́ torí bátìrì. GPS, ojú fóònù tó ń tàn látàárọ̀ àti kámẹ́rà, tó bá fi máa di ọ̀sán fóònù ti ń pariwo, ẹ má jáde láìmú power bank dání.

Ẹ lọ gba QGIS lórí qgis.org, ẹ má gbà á lórí flash lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ LTR sí lára, ìyẹn èyí tí wọ́n ń tọ́jú fún ìgbà pípẹ́, òun ni kì í ṣe wàhálà. QField wà lórí Play Store. Fáìlì QGIS yẹn ju gígà kan lọ o, ẹ wá ibi tí wáìfáì ti pọ̀ lọ gbà á, kì í ṣe dátà yín.