Àgbéyẹ̀wò creatine monohydrate: ohun tí mo rí yàtọ̀ sí ohun tí ara ike ń pariwo

Ìyẹ̀fun creatine monohydrate, tí àwọn tó ń gbé irin máa ń mu kí iṣan wọn lè lágbára, ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, èyí tó funfun lásán, tí kò dùn tí kò korò, tí wọn ò sì po nǹkan kan mọ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń lò ó. Ike tó wà níwájú mi yìí kọ́ ni àkọ́kọ́. Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹyọ kan tí mo yọ, kì í ṣe tìtorí ohun tó wà nínú ike, tìtorí ohun tó wà lára rẹ̀ ni: wọ́n ya iṣan apá, wọ́n ya ọpọlọ, wọ́n ya ọkàn, wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà pé agbára ni fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti iṣan, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Ti ọpọlọ, ẹjọ́ rẹ̀ ò tíì parí. Ti ọkàn ni mo fẹ́ bá wọn fà gan-an.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, orí àga ni iṣẹ́ mi wà, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni díje. Mò ń gbé irin nítorí pé bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè ni iṣan ń joro, mi ò sì fẹ́ kí dídìde lórí àga di iṣẹ́ ńlá fún mi lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá ló kọ́kọ́ dárúkọ creatine fún mi. Èmi a máa fura sí ohunkóhun tí wọ́n bá ń tà pẹ̀lú àwòrán ọkùnrin tí àyà rẹ̀ rí gbàgàdà, nítorí náà mo kà nípa rẹ̀ dáadáa kí n tó tọ́ ọ wò.

Ohun tí mo kà fi mí lọ́kàn balẹ̀. Creatine kì í ṣe àjèjì sí ara wa rárá. Ara ń ṣe bíi gíráàmù kan lára rẹ̀ lójoojúmọ́: inú kíndìnrín ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń parí rẹ̀. Ìyókù, inú ẹran àti ẹja là ń rí i, ìdí nìyẹn tí èyí tó wà nínú iṣan àwọn tí kì í jẹ ẹran fi máa ń kéré sí ti àwọn tó ń jẹ ẹ́. Láti ara ẹran náà ni Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, ti rí i lọ́dún 1832. Ẹni tó bá wọn 70 kílò á ní nǹkan bíi 120 gíráàmù nínú ara, bíi ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló sì wà nínú iṣan.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe níbẹ̀? ATP, ìyẹn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ń fi agbára pamọ́ sí, ni iṣan ń ná nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà nílẹ̀ kò ju ohun tí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lè gbé mì lọ tí èèyàn bá ń fi gbogbo agbára ṣe nǹkan. Ibí ni phosphocreatine ti ń wọlé, ìyẹn creatine tó gbé fọ́sífétì sẹ́yìn. Lọ́dún 1927 ni wọ́n rí i. Yellapragada Subbarow, ọmọ Íńdíà, àti Cyrus Fiske tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀. Tí iṣan bá ti ná ATP tán, ẹ́ńsáímù tí wọ́n ń pè ní creatine kinase á já fọ́sífétì yẹn gbà lẹ́yìn creatine, á fi ṣe ATP mìíràn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà tí ara fi ń ṣe agbára, láti inú ṣúgà àti ọ̀rá, ó sì pọ̀ ju èyí lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kì í tètè dé. Ẹni tó lówó lápò kì í dúró de ìgbà tí báńkì máa ṣí. Àpò yẹn náà kò jìn, kì í ju bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ kó tó gbẹ. Èèyàn á sinmi díẹ̀, á tún kún. Ẹni tó ń sáré ọ̀nà jíjìn kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Ẹni tó ń gbé irin, tó ń sáré àsápajúdé, tó ń fò, tó ń sinmi tó tún ń bẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n ṣe é fún.

Bó ṣe rí lára mi náà nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò rí nǹkan kan, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mu ún láàárọ̀ tí òun sì lágbára ní ìrọ̀lẹ́, ẹ bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, mo wá ń ṣàkíyèsí nǹkan kan nígbà tí irin bá wà léjìká mi tí mò ń lóṣòó tí mò ń dìde. Ìpele àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ìpele kẹta ni ìyàtọ̀ wà. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá dé ìdajì rẹ̀, orúnkún mi á ti máa gbọ̀n, èèyàn á sì ní láti dúró sí mi lẹ́yìn. Ní báyìí, mò ń parí rẹ̀, mò ń gbé irin náà padà sórí ìkọ́ rẹ̀ fúnra mi, èémí mi sì ń tètè padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ mí di òmìrán. Ohun tó ṣe ni pé ó jẹ́ kí n lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i, iṣẹ́ tí mo ṣe sí i yẹn ló ń kọ́ iṣan. Ẹni tó bá ń mu ún tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ń fowó ṣòfò.

Òṣùwọ̀n á gòkè o. Kílò kan sí méjì lè wọlé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, torí creatine máa ń fa omi wọ inú iṣan. Omi ni, kì í ṣe ọ̀rá. Mo mọ ẹnì kan tó da tirẹ̀ nù tìtorí èyí, nígbà tó jẹ́ pé ṣòkòtò rẹ̀ ò tilẹ̀ há ní ìbàdí.

Nípa ìwọ̀n, wọ́n kọ ọ́ sára ike pé kí èèyàn kọ́kọ́ máa mu 20 gíráàmù lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún sí méje, kó pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, kó tó wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n olùwádìí Eric Hultman àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti fi hàn lọ́dún 1996 pé ẹni tó ń mu 3 gíráàmù péré lójúmọ́ fún bí ọjọ́ 28, ibi kan náà ni iṣan rẹ̀ máa dé. Kí ni mò ń lé? Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, inú mi ò sì dàrú. Àwọn tí inú wọn ń ṣí, àwọn tó ń da gíráàmù mẹ́wàá sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n pọ̀ jù nínú wọn.

Ṣíbí inú ike kò ṣeé gbọ́kàn lé. Wọ́n ní gíráàmù márùn-ún ni. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré: tí mo bá bù ú kúnrẹ́rẹ́, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, tí mo bá fi ọ̀bẹ nu orí rẹ̀, kò tó. Lẹ́yìn tí ìyẹ̀fun náà bá ti jókòó sísàlẹ̀ ike, tó ti ki, ṣíbí kan náà á tún wúwo sí i. Kò lè pa ènìyàn lára, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń mu, kó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tó máa bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ni pé kì í yọ́ nínú omi tútù. Omi lítà kan tí kò gbóná tí kò tutù kò lè yọ́ ju bíi 14 gíráàmù lọ, nítorí náà ife omi kan ò lè gba gíráàmù márùn-ún tán. Ẹ ó rò ó títí, ẹ ó mu ún, ìdá kan rẹ̀ á ṣì wà nísàlẹ̀ ife, á máa ha yín láhọ́n. Omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ ni mo fi ń yọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni mo máa ń da omi díẹ̀ sí èyí tó ṣẹ́ kù, mo máa yí ife po, mo máa gbé e mì. Ẹ má pò ó sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá pẹ́ nínú omi, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa di creatinine, tí kò wúlò fún iṣan mọ́.

Ó kan ọpọlọ. Ọpọlọ kò ju bíi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ń jẹ bíi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń lò nígbà ìsinmi. Òun náà ń lo creatine. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù tí kò jẹ́ kí ara wọn lè ṣe é. Ọ̀rọ̀ sísọ wọn máa ń pẹ́, òye wọn máa ń falẹ̀, gìrì a sì máa gbé wọn. Tí wọ́n bá tètè mọ̀ tí wọ́n fún wọn ní creatine, ó máa ń ran ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́. Nípa ti àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ ò já gaara bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ń ṣe tirẹ̀, kì í sì í gba èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọlé bọ̀rọ̀. Lọ́dún 2003, ní Ọsirélíà, àwọn tí kì í jẹ ẹran mu 5 gíráàmù lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì ṣe dáadáa sí i nínú ìdánwò ìrántí. Lọ́dún 2024, ní Jámánì, wọ́n fún àwọn tí kò sùn mọ́jú ní ìwọ̀n ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orí wọn sì já geere ju ti ìgbà tí wọn ò mu ún lọ. Lọ́dún 2024 yẹn kan náà ni EFSA, àjọ tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, sọ pé ẹ̀rí ò tíì tó láti sọ pé creatine ń mú kí ọpọlọ ṣiṣẹ́ sí i. Àjọ yìí kan náà ló sì ti fọwọ́ sí i láti ọdún 2011 pé 3 gíráàmù lójúmọ́ ń ṣe iṣẹ́ fún iṣan nínú eré tó le, tó kúrú, tí èèyàn ń ṣe léraléra. Ti àrùn Parkinson, àrùn ọpọlọ tó ń mú kí ara máa gbọ̀n, sì burú jù: àwọn aláìsàn 1,741 ni wọ́n kó sínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìdajì mu 10 gíráàmù lójúmọ́, wọ́n sì ní láti dá a dúró nítorí pé kò ṣe ìyàtọ̀ kankan. Èmi náà ò lè fi orí ara mi jẹ́rìí. Orúkọ àwọn èèyàn ṣì ń sá mọ́ mi lẹ́nu bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi ọkàn. Ọkàn kì í sinmi, nǹkan bíi kílò mẹ́fà ATP ló ń ṣe tó ń ná láàárín ọjọ́ kan. Nígbà tó bá ti ń kùnà, creatine inú rẹ̀ máa ń dín kù. Olùwádìí Stefan Neubauer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lọ́dún 1997 pé láàárín àwọn tí ọkàn wọn ti fẹ̀ tí kò sì lágbára mọ́, àwọn tí phosphocreatine wọn kéré sí ATP ni ikú ń pa jù. Àwọn olùtajà ka ibẹ̀ yẹn, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n lọ ya àwòrán. Wọn ò ka èyí tó tẹ̀ lé e: ẹnu ọ̀nà tí creatine ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì ọkàn gan-an ló máa ń dín kù lára ọkàn tó ń ṣàìsàn. Èèyàn lè mu odindi ike, ìlẹ̀kùn náà ò ní torí ẹ̀ ṣí. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1995, àwọn tí ọkàn wọn ń kùnà mu 20 gíráàmù lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ọkàn ṣe ń tu ẹ̀jẹ̀ síta kò yí padà, àmọ́ iṣan ẹsẹ̀ wọn lágbára sí i. Ìyẹn náà dára fún ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn. Kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, kí wọ́n má fi ọlá iṣan ya ọkàn. Ẹni tó ń lo oògùn ọkàn, ẹ jọ̀wọ́, ìyẹ̀fun yìí ò rọ́pò ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Lójoojúmọ́, ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún creatine ara ń di creatinine, a sì ń tọ̀ ọ́ dànù. Creatinine yìí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kíndìnrín ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń mu creatine, iye tirẹ̀ lè ròkè díẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan ṣe kíndìnrín. Nínú èsì tèmi, wọ́n fi ìràwọ̀ sí i. Mo ti sọ fún dókítà tẹ́lẹ̀ pé mò ń lò ó, nítorí náà kò fi ìpayà bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n wo cystatin C, èròjà mìíràn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, tí creatine kì í dà rú, ó sì bọ́ sí ibi tó yẹ. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ní àrùn tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n tún máa ń ní ó ń pá èèyàn lórí. Ìwádìí kan lọ́dún 2009 láàárín àwọn tó ń gbá rugby ní South Africa ló bí ọ̀rọ̀ yẹn. Họ́mónù kan ló ròkè nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ò ka irun. Tèmi ti lọ kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ creatine.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, monohydrate ni kẹ́ ẹ wá. Oríṣi mìíràn pọ̀ tí wọ́n ń tà lówó gọbọi, àwọn kan tètè ń yọ́ nínú omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí èyí tó fi hàn pé òun ju monohydrate lọ nínú iṣan. Ẹ wo ara ike bóyá àmì Informed Sport tàbí NSF Certified for Sport, tó ń fi hàn pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún ohun tí wọ́n fòfin dè, wà níbẹ̀, pàápàá ẹni tí wọ́n lè yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò nínú ìdíje. Creatine fúnra rẹ̀ ò sí lára ohun tí wọ́n fòfin dè, àmọ́ ohun tó bá lọ kó sínú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é lè kó bá èèyàn. Mo gbìyànjú èyí tí wọ́n ṣe bíi súìtì wò. Ó dùn lẹ́nu. Nígbà tí mo ka ìdí ike rẹ̀, mo rí i pé mo ní láti jẹ ọ̀wọ́ kan kí n tó rí gíráàmù mẹ́ta, ṣúgà sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi ìyókù sílẹ̀, mo padà sídìí ìyẹ̀fun mi àti omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́.