Fìlà tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná: oṣù mẹ́rin tí mo ti ń lò ó ní Àkúrẹ́

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi àwòrán nǹkan yìí, fìlà oníná tó ń mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré onírìmóòtù gbóná kí a tó tan án, han ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rín ló bú sí. "Ìwọ àbúrò yìí, ṣé ooru Àkúrẹ́ ò tó ọ ni, tó o tún fẹ́ fowó ra ooru?" Oṣù Kọkànlá ni, lọ́sàn-án gangan, níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Òkè Àró. Òógùn ń kán lágbọ̀n àwa méjèèjì, mi ò rí èsì fọ̀. Ní báyìí, òun gan-an ló máa ń bi mí ní àárọ̀ Sátidé pé, "Ṣé o ti dé e ní fìlà?"

Fìlà là ń pè é nítorí bó ṣe rí nìyẹn. Ó jókòó sórí ẹ́ńjìnnì bí fìlà, wáyà pupa àti dúdú jáde lẹ́yìn rẹ̀, ihò kan wà láàárín òkè rẹ̀ tí a lè gbà fi iná sí pọ́lọ́ọ̀gì tó ń tan epo, kó pọ́n, láìṣí fìlà. Bátìrì 12V ló ń lò.

Ọkọ̀ tí mo ń lò ó fún jẹ́ bọ́gì 1/8 (ìdá kan nínú mẹ́jọ ọkọ̀ gidi) tó ń lo rìmóòtù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ .21, ìyẹn 3.5cc. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi bátìrì wà fún ọmọdé o. Epo tirẹ̀ jẹ́ àpòpọ̀ methanol, nitromethane àti ọ́ìlì. Ẹ má da bẹntiróòlù sí i láéláé. Ìlú Èkó ni mo ti ń ra gálọ́ọ̀nù epo náà, owó ọkọ̀ tó gbé e wá nìkan á mú ẹ kẹ́dùn, nítorí náà gbogbo epo tí a bá fi fa okùn lásán tí ẹ́ńjìnnì ò jí, owó ló ń ṣòfò.

Kí ló dé tá a fi ń mú un gbóná ná? Ẹni tó bá ti tú ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà rí mọ ríìnì: òun ló ń dí àlàfo tó wà láàárín písítìnì àti ògiri sílíńdà. Ẹ́ńjìnnì tiwa kò ní ríìnì rárá. Písítìnì jẹ́ alumíníọ̀mù, sílíífù, ìyẹn ògiri tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀, jẹ́ idẹ tí wọ́n fi kúróòmù bò nínú, ibẹ̀ ni orúkọ ABC (aluminium, brass, chrome) ti wá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe òkè sílíífù náà kó fún ju ìsàlẹ̀ lọ. Bó bá tutù tẹ́ ẹ sì rọra fọwọ́ yí i, ẹ máa rí i pé ó há nígbà tí písítìnì bá fẹ́ dé òkè pátápátá. Kò bàjẹ́, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Idẹ máa ń fẹ̀ ju alumíníọ̀mù písítìnì lọ bí ooru bá mú wọn, nítorí sílíkọ́nì pọ̀ nínú alumíníọ̀mù náà. Nígbà tí ooru bá fi tó nǹkan bí 100°C, sílíífù á ti yà sílẹ̀ díẹ̀, písítìnì á sì máa lọ wẹ́rẹ́.

Èèyàn tó bá wá fa á nígbà tó tutù ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà tó fún ni, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Kọ̀nrọ́ọ̀dù, egungun kékeré tó so písítìnì mọ́ kírańkì, ló ń jẹ ìyà náà. Òkè tó yẹ kó fún yẹn náà á gbó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, bó bá sì ti gbó tán, ẹ́ńjìnnì ò ní tẹ afẹ́fẹ́ mọ́, a jẹ́ pé ó di ohun tí a fi ń tẹ bébà mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Èsì ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Ooru ọ̀sán Àkúrẹ́ lè jẹ́ 33°C, àárọ̀ ọyẹ́ lè já sí 19°C. Ìyàtọ̀ wọn ò ju 14 lọ, bẹ́ẹ̀ láti 19 dé 100 tí ẹ́ńjìnnì ń wá ju 80 lọ. Lójú rẹ̀, àti oòrùn àti ọyẹ́, òtútù ni gbogbo wọn.

Kò sí ẹni tó sọ èyí fún mi nígbà tí mo gba ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́. Bí a ṣe ń fa jẹnẹrétọ̀ ni mo ṣe fa á. Okùn já. Mo so òmíràn, bẹ́árìn tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo yí nínú sítátà náà tún lọ. Níkẹyìn epo kún inú sílíńdà nítorí fífà mi ti pọ̀ jù, èmi ò mọ̀, mo tún fi gbogbo agbára mi fà á. Ohun olómi kì í ṣeé tẹ̀ kó kéré sí i bí afẹ́fẹ́. Kọ̀nrọ́ọ̀dù ló tẹ̀. Mo ṣì fi í sínú dúrọ́ọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe, mo máa ń yọ ọ́ han àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́.

Kí n tó ra fìlà, mo kọ́kọ́ gbìyànjú hand dryer ìyàwó mi, èyí tó fi ń gbẹ irun oníbàárà. Ó ṣiṣẹ́ o, mi ò ní purọ́. Ó mú ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa nínú ilé lọ́jọ́ tí iná wà. Ṣùgbọ́n orí pápá là ń lò ó, lẹ́yìn Ìjàpọ̀ lọ́hùn-ún, a sì gbé I-better-pass-my-neighbour lọ síbẹ̀. Hand dryer náà ń jẹ 1200W. Jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn hun lẹ́ẹ̀kan, ó kú. A tún un tàn, ó tún kú. Ìyàwó mi gba nǹkan rẹ̀ padà lálẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹ bá sì rí bó ṣe ń wò mí ẹ ò ní béèrè ìdí tí mo fi ra tèmi.

₦38,500 ni mo san, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lọ́nà. Mo fi mítà wọn ohun tó ń jẹ: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5A, ìyẹn 60W. Láti 27°C, ó ń gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Bátìrì 12V 7Ah tí wọ́n ń fi sínú UPS ni mo ń gbé lọ sí pápá. Ẹ bá mi ṣírò: 5A fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó 1Ah. Èèyàn lè lò ó nígbà mẹ́rin lọ́jọ́ kan láìba bátìrì lọ́kàn jẹ́.

Ibi tí mo ti bínú sí i ni ojú rẹ̀ tó ń kọ nọ́ńbà. Ó kọ 90, mo gbà á gbọ́, mo fọwọ́ kan ara ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Mo bá mú tẹmomítà tí mo rà nígbà kòrónà, èyí tí wọ́n ń nà sí iwájú orí oníbàárà. Ó kọ "Hi". Mo nà án lẹ́ẹ̀kejì, ó tún kí mi. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ibà èèyàn ni wọ́n ṣe é fún, kò lè kà kọjá 42 tàbí 43. Ẹ̀gbọ́n mi yá mi ti mẹkáníìkì, ìyẹn náà kà 45 lókè ẹ́ńjìnnì, níbi tí ìka mi ò lè dúró lé. Alumíníọ̀mù tó ń dán máa ń tan irú tẹmomítà bẹ́ẹ̀ jẹ. Nígbà tí mo lẹ tépù dúdú tí a fi ń wé wáyà mọ́ ọn, ó kà 71. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ nìyẹn: ara fìlà ni 90 wà, ooru ò tíì rìn dénú sílíífù. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti kọ 90, mo máa ń fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin sí i. Ẹni tó ṣe é ì bá ti kọ èyí sínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà ò ju bébà pélébé kan lọ.

Ẹ́ńjìnnì kejì dé ní oṣù Kìn-ín-ní, ọyẹ́ sì mú gan-an. Àárọ̀ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan án, eruku funfun bo gbogbo Ìjàpọ̀, ètè wa ń sán. Mo dé e ní fìlà, mo dúró, mo ṣí i, mo da epo sí i, mo fa okùn. Ó jí ní ìkẹta. Èmi tí mo ti máa ń fa ogún ìgbà tẹ́lẹ̀! Nítorí ó ṣì tuntun, fún tánkì 125cc kọ̀ọ̀kan, a jẹ́ kí epo pọ̀ díẹ̀ sí i nínú àpòpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́, a rọra wà á, a pa á, a jẹ́ kó tutù, a tún dé e ní fìlà kí tánkì tó kàn tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá pa á, a ń yí fíláíwíìlì (wíìlì irin tó ń yí pẹ̀lú kírańkì) títí písítìnì á fi wà nísàlẹ̀ (mo fi máákà sàmì sí i), torí bí sílíífù bá sún padà nígbà tó ń tutù tí písítìnì sì wà lókè, ó lè dì í mú síbẹ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tuntun báyìí ni fìlà yìí jẹ owó rẹ̀ tán pátápátá. Lẹ́yìn náà, ìtanná àkọ́kọ́ lójúmọ́ nìkan ni mo ń lò ó fún. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sílé lọ́jọ́ kan, ayé ò parẹ́.

Àwọn nǹkan tó kù díẹ̀ káàtó: ẹnu tó ń jẹ bátìrì kò le, ọ̀kan kán lọ́sẹ̀ kejì, mo jó tuntun mọ́ ọn. Wáyà rẹ̀ kúrú. Ọ̀rẹ́ mi tó ní ẹ́ńjìnnì .12 gbé tirẹ̀ wá, orí rẹ̀ kéré, fìlà ń mì lórí rẹ̀ bíi ti bàbá lórí ọmọ, ooru náà sì ń jò lọ. Ẹni tó tà á fún mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ẹ́ńjìnnì ló bá mu. Irọ́ ni. Ẹ wọn orí tiyín kí ẹ tó san owó.

Ẹ ṣí i kúrò kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ ò ní rí orí ẹ́ńjìnnì fẹ́. Ẹ jẹ́ kí epo gbẹ́yìn, kó má wà nítòsí bí ẹ bá ń mú un gbóná. Ọmọkùnrin kan ní pápá ní òun á fi àbẹ́là mú tòun gbóná, mo sì fi igbe dá a dúró, torí iná methanol kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn lójú ọ̀sán. Ó lè máa jó ẹ lọ́wọ́ kí ojú ẹ tó rí i.

Máàkì 7 nínú 10 ni mo fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ní 8, òun tí kò ra ọkọ̀, tí kò ra fìlà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló tiẹ̀ ní kí n yá òun, jẹnẹrétọ̀ oníbàárà kan ò tètè jí láàárọ̀. Mo ní ríìnì wà nínú tiyẹn, ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ wo pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀. Kò gbọ́, ó gbé e lé e lórí. Kò tiẹ̀ wọ̀ ọ́.